Mary Lyon, obìnrin tó gbé àpò àrán kiri kí ọmọ àgbẹ̀ lè kàwé

 Ìtàn tí a fẹ́ sọ fún yín lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti jagunjagun. Ìtàn obìnrin Amẹ́ríkà kan ni, Mary Lyon lorúkọ rẹ̀, ó sì ti kú láti ọdún 1849. Ohun tó jẹ́ ká rántí rẹ̀ ni awuyewuye tó ń lọ láàárín wa lórí owó ẹgbẹ́. Àwọn kan ní ká fi owó tó wà nílẹ̀ parí gbọ̀ngàn ìpàdé wa. Àwọn kan ní ká kọ́kọ́ yọ nínú rẹ̀, ká fi ran àwọn ọmọbìnrin wa lọ́wọ́, àwọn tó yege ìdánwò tí òbí wọn ò rówó ilé-ìwé san, tí wọ́n wáá jókòó ti ìyá wọn ní ṣọ́ọ̀bù. A ti gbọ́ ẹnu oríṣiríṣi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnìkan ní owó kéékèèké tí a ń dá yìí, kí ló fẹ́ rà? Ẹlòmíràn ní ìwé tí obìnrin kà, ilé ọkọ náà ló ń gbé e lọ. Kí ọjọ́ ìpàdé tó kò, ẹ jẹ́ ká jọ wo ohun tí obìnrin yìí fojú rí, àti ohun tó fi owó kéékèèké ṣe.

Ọjọ́ 28, oṣù kejì, ọdún 1797 ni wọ́n bí Mary Lyon ní Buckland, ìlú kékeré kan láàárín òkè ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ọdún 1802 ni bàbá náà kú, Mary ò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá rẹ̀ ló sì ń bá oko àti àwọn ọmọ yí. Nígbà tí Mary pé ọmọ ọdún 13, ìyá rẹ̀ fẹ́ ọkọ mìíràn, ó sì kó lọ sílé ọkọ. Mary ò bá a lọ. Ó dúró sí oko bàbá wọn pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Aaron, ó ń se oúnjẹ, ó ń fọ aṣọ, ó ń ran irun àgùntàn lówùú, ó ń hun aṣọ. Aaron ń fún un ní dọ́là kan lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ilé yìí, Mary sì ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́.

Ẹ má gbàgbé bí ayé ṣe rí nígbà náà. Ọmọkùnrin tó bá mọ̀wé ní ibi tí yóò lọ. Harvard ti wà láti ọdún 1636, Yale náà ti wà, àwọn mìíràn sì ń dìde. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń gba obìnrin. Àwọn ilé-ìwé ọmọbìnrin wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ olówó ló pọ̀ níbẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju iṣẹ́ abẹ́rẹ́, èdè Faransé díẹ̀ àti dùùrù títẹ̀ lọ. Ọmọ àgbẹ̀ tó jẹ́ obìnrin, bó bá ti lè ka Bíbélì tó sì lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ó bùṣe.

Ọdún 1814, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 17, ni wọ́n gba Mary sí iṣẹ́ olùkọ́ ní Shelburne Falls. Sẹ́ńtì 75 ni owó ọ̀sẹ̀ kan, kò tilẹ̀ pé dọ́là kan, ilé àwọn òbí ọmọ ló sì ń gbé, tó ń jẹun láti ilé dé ilé. Owó tí wọ́n ń san fún ọkùnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ju tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Nígbà tó di ọdún 1817, ó kó gbogbo owó tó tù jọ, ó forí lé Sanderson Academy ní ìlú Ashfield. Owó náà ò tó. Ló bá kó àwọn aṣọ ìbora àti aṣọ tábìlì tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun, ó fi wọ́n dípò owó yàrá àti owó oúnjẹ. Wọ́n ní oorun wákàtí mẹ́rin péré ló ń sùn lóru. Wọ́n tún ní wọ́n fún un ní ìwé gírámà èdè Látìnì lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Ajé, ó ti há a sórí. Bí àbùmọ́ díẹ̀ bá wà nínú èyí tó gbẹ̀yìn yìí, kò yà wá lẹ́nu. Ẹni tó bá ti di gbajúmọ̀, aráyé a máa bù kún ìtàn ìgbà èwe rẹ̀.

Ọdún 1821 ló lọ sí ilé-ìwé àlùfáà kan tó ń jẹ́ Joseph Emerson ní Byfield. Àlùfáà yìí ò ka obìnrin sí ọmọdé tó dàgbà lásán, ìwé gidi ló ń kọ́ wọn, bí ẹni ń kọ́ ọkùnrin. Ibẹ̀ ni Mary ti pàdé Zilpah Grant, tí àwọn méjèèjì di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Wọ́n jọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ New Hampshire láti ọdún 1824, lẹ́yìn náà wọ́n jọ wà ní Ipswich, ní Massachusetts. Ilé-ìwé Ipswich dára, gbogbo ènìyàn ló ń yìn ín. Àmọ́ nǹkan méjì ń jẹ Mary Lyon lọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni pé owó ibẹ̀ ga, ọmọ àgbẹ̀ ò lè dé ibẹ̀. Èkejì, tí àwa náà rò pé ó ṣe pàtàkì jù, ni pé ilé-ìwé náà ò ní ìpìlẹ̀. Bí àìsàn bá kọlu ọ̀gá, tàbí tó bá lọ sílé ọkọ, ilé-ìwé á tú ká. Àwa náà mọ irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dá a sílẹ̀ kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilẹ̀, ó parí. Ohun tí Mary Lyon ń fẹ́ ni ilé-ìwé tí ìgbìmọ̀ yóò máa bójú tó, tó ní ilé tirẹ̀, tó ní ilẹ̀ tirẹ̀, tí kò ní bá ẹnikẹ́ni kú.

Ní ọdún 1834 ó fi iṣẹ́ Ipswich sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó. Ó gbé àpò àrán kan dání, aláwọ̀ ewé, ó ń wọ kẹ̀kẹ́ ẹṣin láti ìlú dé ìlú, nínú òtútù àti nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Láyé ìgbà náà, obìnrin tó bá ń dá rìn kiri, tó ń bá ọkùnrin àjèjì sọ̀rọ̀ owó, aláìlójútì ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàápàá kìlọ̀ fún un. Bí ó bá di ìpàdé ìta gbangba, ó máa ń jẹ́ kí àwọn àlùfáà àti díákónì tó wà nínú ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀, òun á jókòó jẹ́jẹ́. Ọgbọ́n ni. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun náà ni yóò wọ ilé ìdáná lọ bá àwọn ìyá àgbẹ̀, tí yóò sì ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ wọn ni òun fẹ́ kọ́ ilé-ìwé náà fún.

Ní Ipswich nìkan, lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìlú náà, àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nǹkan bí 1,000 dọ́là ló rí gbà. Lẹ́yìn náà ó gba àwọn ìlú kéékèèké lọ. Nínú ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó dáwó sí, ó lé ní 1,800 ènìyàn, owó tí wọ́n sì ṣèlérí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 dọ́là. Ẹnìkan wà tó fi 1,000 dọ́là sílẹ̀. Ẹni tó fi sẹ́ńtì mẹ́fà sílẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń tijú láti mú owó kékeré wá síwájú akápò wa, ẹ gbọ́ ti sẹ́ńtì mẹ́fà yìí o.

A ò ní ṣàì sọ ti orúkọ ilé-ìwé náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amherst, Edward Hitchcock, ọ̀rẹ́ Mary Lyon tó ń ràn án lọ́wọ́ gidi, ló jókòó tó ronú títí, tó fi orúkọ kan jáde láti inú èdè Gíríìkì: Pangynaskean. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń tọ́ gbogbo ara obìnrin, orí, ọwọ́ àti ọkàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ò lè pè é. Àwọn oníwèé ìròyìn bá fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kíá ni wọ́n pa orúkọ náà tì, wọ́n fi orúkọ òkè kan tó wà nítòsí pe ilé-ìwé náà, Mount Holyoke Female Seminary. Ìlú South Hadley ni wọ́n kọ́ ọ sí. Oṣù kejì ọdún 1836 ni ìjọba ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí i, oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Kí wọ́n tó kọ́ ọ tán, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún 1837, báǹkì ń wó, àwọn tó ti ṣèlérí owó ò rówó san mọ́. Mary Lyon ò dúró. Ọjọ́ 8, oṣù kọkànlá, ọdún 1837 tó dá ni ó ṣí ilé-ìwé náà.

Ẹ wo bí ọjọ́ náà ṣe rí. Ilé bíríkì alájà mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n wọn ò tí ì kọ́ àtẹ̀gùn iwájú. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni àwọn ọmọ gbà wọlé. Díákónì Daniel Safford, olówó láti Boston, wà lórí eékún, ó ń kan ẹní mọ́lẹ̀. Ìyàwó àwọn ìgbìmọ̀ wà nínú ilé ìdáná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ dé jókòó síbi tí wọ́n rí, wọ́n ń rán aṣọ ìbusùn tí àwọn fúnra wọn yóò sùn lé lálẹ́. Àwọn bí 80 ló bẹ̀rẹ̀, iye wọn sì ń pọ̀ sí i. Kí ọdún méjì tó pé, àwọn tó ń kọ̀wé tí wọn ò ráàyè ti pọ̀ ju àwọn tó ráàyè lọ.

Owó tó ń gbà lọ́wọ́ ọmọ kan fún ọdún kan, àtoúnjẹ àtẹ̀kọ́, 60 dọ́là péré ni. Ní ilé-ìwé bíi Ipswich, owó náà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Báwo ló ṣe mú un wálẹ̀? Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni pé kò sí ọmọ-ọ̀dọ̀ kankan nínú ilé náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, nǹkan bíi wákàtí kan lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, àwọn kan ń fọ abọ́, àwọn kan ń gbálẹ̀, wọ́n sì ń gbé igi ìdáná lọ sí yàrá wọn. Ẹni tí wọ́n yàn sídìí iṣẹ́ kan, ibẹ̀ ni yóò máa ṣe fún ìgbà pípẹ́, kí ọwọ́ rẹ̀ lè yá. Àwọn ènìyàn rò pé ilé-ẹ̀kọ́ ìyàwó ilé ló dá sílẹ̀. Mary Lyon ní rárá. Iṣẹ́ ilé, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ti ń kọ́ ọ. Torí kí owó lè wálẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fọ abọ́, kí ọmọ olówó má sì rò pé òun ga ju ọmọ àgbẹ̀ tó dúró tì í nídìí agbada lọ.

Ọ̀nà kejì ni pé owó àwọn olùkọ́ kéré. Mary Lyon fúnra rẹ̀, ọ̀gá àgbà, 200 dọ́là ló ń gbà lọ́dún. Catharine Beecher, tí òun náà ń jà fún ẹ̀kọ́ obìnrin, kọ̀wé láti takò ó: ó ní bí wọ́n bá fi obìnrin ṣe olùkọ́ olówó pọ́ọ́kú, ibẹ̀ ni aráyé yóò fi wọ́n sí. A bọ̀wọ̀ fún Mary Lyon púpọ̀, àmọ́ lórí èyí, ọ̀dọ̀ Beecher ni àwa wà. Ẹ bi àwọn tíṣà tó ń kọ́ ọmọ wa léèrè bóyá ìrọ̀rùn ni wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ ká wáá wọ inú ilé náà, ká wo ọjọ́ kan. Ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní ọdún 1847 ni Emily Dickinson, ọmọ lọ́yà kan ní ìlú Amherst. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ayé tó mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn akéwì tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ni. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọlé, inú yàrá kan náà ni òun àti ọmọ ẹbí rẹ̀ kan sì ń gbé. Àwọn lẹ́tà tó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà títí dòní, ibẹ̀ ni a ti mọ bí nǹkan ṣe ń lọ.

Kí ọmọ tó wọlé, ìdánwò wà. Ọjọ́ mẹ́ta ni Emily fi ṣe tirẹ̀, ẹ̀rù sì bà á débi pé ó pinnu pé òun ò ní fẹ́ ṣe irú rẹ̀ mọ́ láyé. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n dá padà sílé lọ́dún náà, nítorí pé Mary Lyon ti gbé òṣùwọ̀n sókè.

Agogo aago mẹ́fà àárọ̀ ni gbogbo wọn ń jí. Aago méje, wọ́n ń jẹun. Aago mẹ́jọ, ìwé kíkà bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án, gbogbo ilé á pàdé nínú gbọ̀ngàn fún àdúrà. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 15, Emily á lọ ka ẹ̀kọ́ ìtàn ayé àtijọ́ fún olùkọ́. Aago mọ́kànlá, iṣẹ́ ewì Gẹ̀ẹ́sì. Aago méjìlá, wọ́n á ṣe eré ìmárale, lẹ́yìn náà wọ́n á kàwé díẹ̀, agogo oúnjẹ ọ̀sán á sì dún ní aago méjìlá ààbọ̀. Láti aago kan ààbọ̀ sí aago méjì, orin kíkọ nínú gbọ̀ngàn. Láti aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú 15, wákàtí kan nídìí dùùrù. Aago mẹ́rin ààbọ̀, wọ́n á tún pàdé, Mary Lyon fúnra rẹ̀ á bá wọn sọ̀rọ̀ bí ìyá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Aago mẹ́fà, oúnjẹ alẹ́. Láti ìgbà náà, ìwé kíkà nínú ìdákẹ́jẹ́, títí di aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú 15 tí agogo ìsùn á fi dún. Agogo mìíràn wà lẹ́yìn wákàtí kan, ẹni tí ìyẹn bá bá lójúfò, ó ti rú òfin. Ẹ̀yin tí ẹ lo ìgbà yín ní bọ́dìn, tí ẹ ṣe pírẹ́pù, tí ẹ sá lọ sórí bẹ́ẹ̀dì kí síníọ̀ tó dé, ẹ ó rí i pé ohun tí ẹ là kọjá, baba ńlá rẹ̀ nìyí.

Iṣẹ́ ilé tí wọ́n fún Emily, ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni. Láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, yóò kó ọ̀bẹ kúrò lórí àwọn tábìlì tó wà ní ìlà àkọ́kọ́. Lálẹ́, yóò fọ iye ọ̀bẹ kan náà, yóò sì nù wọ́n. Ó ní kò nira rárá. Oúnjẹ pàápàá dùn ju bó ṣe rò lọ, ó tilẹ̀ kọ oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ẹran ọmọ màlúù tí wọ́n yan, pòtétò, elégédé, ọbẹ̀, búrẹ́dì oríṣi méjì, bọ́tà, àti èso ápù tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé, omi ni wọ́n sì fi sìn ín. Ọkàn rẹ̀ fà sílé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí ti gbogbo ọmọ. Lẹ́yìn náà ara rẹ̀ balẹ̀.

Ohun tí kò fẹ́ràn ni wákàtí ìròyìn ara ẹni. Láago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́, wọ́n á pín ara wọn sí ọ̀wọ́ kéékèèké, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú olùkọ́: mo pẹ́ dé, mo sọ̀rọ̀ nígbà ìdákẹ́jẹ́, mo gba àlejò sí yàrá. Ẹni tí kò bá ní àwíjàre, wọ́n á fi àmì dúdú sí orúkọ rẹ̀. Òfin pọ̀ débi pé Emily fi wọ́n ṣe àwàdà nínú lẹ́tà rẹ̀. Nínú oṣù kejì ọdún 1848, Mary Lyon dìde ní gbọ̀ngàn, ó fòfin de ìwé ìfẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn lọ́jọ́ Valentine. Ìròyìn ayé náà ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Emily kọ̀wé bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè, pẹ̀lú ẹ̀rín, bóyá ogun Mexico ti parí, àti pé ta ló ń du ipò ààrẹ. Àmọ́ nígbà tí àwọn eléré ẹranko gba ìlú náà kọjá, Mary Lyon yọ̀ǹda kí ẹni tó bá fẹ́ lọ wo béárì àti ọ̀bọ lọ wò ó. Kì í ṣe òǹrorò.

Ìwé tí wọ́n ń kà níbẹ̀ ló yẹ ká tẹnu mọ́. Èdè Látìnì, ìtàn, ìṣirò, ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn, ẹ̀kọ́ nípa ewéko. Mary Lyon fúnra rẹ̀ ló fẹ́ràn kẹ́mísìrì jù, ó sì ń kọ́ wọn nídìí iṣẹ́ náà gan-an, pẹ̀lú ìgò àti iná, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń jiyàn pé ọpọlọ obìnrin ò lè gbé e. Ó tún fi dandan lé e pé kí wọ́n máa rìn tó máìlì kan lójúmọ́, nítorí àwọn dókítà ìgbà náà ń pariwo pé ìwé kíkà á ba ara obìnrin jẹ́.

Ibì kan wà tí a fi ń káàánú àwọn ọmọ náà. Mary Lyon jẹ́ onígbàgbọ́ tòótọ́, kò sì fẹ́ kí ọmọ kankan kúrò lọ́wọ́ òun láìrí ìgbàlà. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí mẹ́ta: àwọn tó ti gba Olúwa, àwọn tó ní ìrètí, àti àwọn tí kò tí ì ní ìrètí. Ọ̀wọ́ kẹta yìí ni Emily wà, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi kúrò ní oṣù kẹjọ ọdún 1848, tí kò padà mọ́. Ilé wa níhìn-ín, Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀, a sì mọ̀ pé ẹ̀sìn tí wọ́n bá fi ìtìjú ti ọmọ sínú rẹ̀ kì í jókòó pẹ́ lára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìtara kan náà ló rán àwọn mìíràn jìnnà. Ní ọdún 1843, míṣọ́nnárì kan wá láti Páṣíà, ó ń wá olùkọ́ tí yóò bá a lọ kọ́ àwọn ọmọbìnrin níbẹ̀. Fidelia Fiske, akẹ́kọ̀ọ́ Mary Lyon tó ti di olùkọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ló lọ. Ní ìlú Urmia, ó dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin lórí ìlànà tó bá wá láti South Hadley, ọdún 15 ló sì lò níbẹ̀.

Àìsàn ò fi ilé náà sílẹ̀. Ibà tàífọ́ọ̀dù jà níbẹ̀ ní ọdún 1840, ó mú ẹ̀mí àwọn ọmọ kan lọ, Fidelia Fiske náà wà lára àwọn tó ṣàìsàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1849, àrùn kan tún wọlé, èyí tó máa ń mú kí ara pọ́n kó sì wú, tí ibà líle á tẹ̀lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lórí àìsàn náà tí àwọn ènìyàn ń sá fún, Mary Lyon ò sá, ó lọ jókòó tì í. Kò pẹ́ tí àìsàn náà fi mú òun náà. Ọjọ́ 5, oṣù kẹta, ọdún 1849 ló kú, ọmọ ọdún 52 ni. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Inú ọgbà ilé-ìwé náà ni wọ́n sin ín sí.

Ilé-ìwé náà ò tú ká. Ìgbìmọ̀ wà, ilé wà, ìwé àkọsílẹ̀ wà, àwọn tó ti jáde níbẹ̀ sì ń kọ́ni káàkiri. Ní ọdún 1874, méjì nínú wọn, Abbie Ferguson àti Anna Bliss, ṣí ilé-ìwé ọmọbìnrin ní ìlú Wellington ní Gúúsù Áfíríkà, lẹ́yìn tí àlùfáà Andrew Murray ka ìtàn ayé Mary Lyon tó sì kọ̀wé sí South Hadley pé kí wọ́n rán olùkọ́ sí òun. Ọmọ àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n kọ́ ọ fún, ẹ má jẹ́ ká pa ìyẹn mọ́. Nílẹ̀ tiwa, ọdún 1869 ni àwọn míṣọ́nnárì CMS ṣí ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Èkó, èyí tó wáá di ara St Anne's ní Ìbàdàn lẹ́yìn ìgbà náà.

Àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà pàápàá pẹ́ kí wọ́n tó dé inú ilé Mary Lyon. Ọdún 1883 ni Hortense Parker gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀, òun sì ni ọmọbìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ̀ pé ó jáde níbẹ̀. Ẹrú ni bàbá rẹ̀, John Parker, nígbà kan rí. Ó fowó ra ara rẹ̀, ó di alágbẹ̀dẹ irin tó ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní Ripley, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó sì ń bá àwọn ẹrú mìíràn sọdá odò lóru kí wọ́n lè bọ́. Ọkùnrin náà kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ níwèé, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ọdún 1893 ni wọ́n yí orúkọ ilé-ìwé náà padà sí Mount Holyoke College. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1896, iná jó ilé bíríkì tí Mary Lyon fi àpò àrán kọ́ náà kanlẹ̀. Wọ́n tún un kọ́. Títí di òní, àwọn obìnrin ṣì ń kàwé níbẹ̀, sàréè rẹ̀ sì wà ní àárín ọgbà.